Ìgò Abẹ́ Ìrọ̀rí Mi

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọmọ mi, kọ àlá yìí sílẹ̀ kí n tó gbàgbé. Mo dùbúlẹ̀ sórí tábìlì tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tan iná ìtọ́jú sí jẹjẹrẹ ọ̀fun mi ní ọsibítù, ni tábìlì bá di itan ìyá mi tó ti kú. Èmi arúgbó yìí ni wọ́n fẹ́ rọ bí ọmọ ọwọ́! Kì í ṣe àgbo ló wà lọ́wọ́ wọn o, hóró oògùn tí Ìyá Délé aládùúgbò wa kó wá fún mi nínú ìgò ni, èyí tó ní á jẹ́ kí n lè gbé ẹ̀kọ mì láìsunkún. Hóró náà ń wú, ó tó elégédé, ó tún hu ewé.

“Gbé e mì, jàre.”

“Màámi, dókítà ní ohun yòówù tí mo bá fẹ́ lò, kí n kọ́kọ́ fi han òun.”

“Ṣé o ti fi hàn án?”

Mo ti ìgò náà sábẹ́ ìrọ̀rí.

“O ò tíì jáwọ́! Bó o ṣe máa ń fi ẹran pamọ́ sábẹ́ ẹní náà nìyẹn.”

Ni wọ́n bá di imú mi mú. Mo lanu kí n kígbe, mo bá jí, ìgò náà wà lọ́wọ́ mi, ìwọ sì ń bi mí pé, “Màmá àgbà, kí lèyí?”