Ẹni Tí Wọn Ò Ṣà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé gbogbo ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà ló di ọ̀gá, ẹ ní Zuweira tó ń ta ṣájà àti àpò fóònù ní Circle, nílùú Accra, ní irọ́ ni. Àbúrò mi wà nínú iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́fà. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Kotobabi ni wọ́n bí Fatawu sí, bí wọ́n ti bí èmi náà síbẹ̀. Bàbá wa, Alhaji Àlàmú, ń ránṣọ ní Kokomlemle. Ìyá wa, Làtífátù, ń ta ọṣẹ dúdú, èyí tí àwọn ará Ghana ń pè ní alata samina, torí pé Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Fatawu ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí Àǹtí Bímpé, àbúrò ìyá wa, mú un lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ti tóbi nígbà yẹn, kò sí ẹnu ọ̀nà tó ń wọ̀ láìtẹ orí ba. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ rí èjìká rẹ̀, wọ́n fi í sínú bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, wọ́n dé e ní akoto, wọ́n ní kó máa dúró lẹ́yìn àwọn tó wà níwájú, kó máa ṣọ́ ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù, kó sì gbé e lulẹ̀. Láìnbákà ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Baba ní òun ò mọ̀ pé ìjàkadì ni ọmọ òun lọ kọ́ lókè òkun, síbẹ̀ kò sí oníbàárà tó wá wọn ṣòkòtò tí kò fi fọ́tò rẹ̀ hàn.

Tí àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù bá ti fẹ́ jáde ní yunifásítì níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ńlá á péjọ, wọ́n á máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa tòmátì. Wọ́n ṣà títí, wọn ò ṣa Fatawu. Ẹni tí wọn ò bá ṣà lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá ẹgbẹ́ kan, kó ní kí wọ́n dán òun wò, ohun tó sì ṣe nìyẹn. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ kan á gbà á, wọ́n á lé e. Òmíràn á gbà á, àwọn náà á lé e. Tí wọ́n bá tilẹ̀ gbà á, ìdánrawò ni wọ́n ń lò ó fún. Á ṣe bí ẹni tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ bá figagbága lọ́jọ́ Àìkú, kí àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ lè máa kọlù ú títí wọ́n á fi mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Tí ọjọ́ Àìkú bá wá dé, á wọ aṣọ lásán, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, á máa pàtẹ́wọ́. Inú máa ń bí mi gan-an. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé kó padà wálé wá bá mi ta ṣájà, ẹ̀rín ló fi mí rín.

Baba kú lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù Ọ̀wàrà, a sì sin ín lọ́jọ́ náà bí ẹ̀sìn ti wí. Ọjọ́bọ̀ ni Fatawu dé. Ó dúró níbi sàréè, ó ká apá mọ́ àyà, kò sunkún. Mo rò pé Amẹ́ríkà ti gbẹ omi ojú rẹ̀.

Nínú ìdílé wa, ọjọ́ kẹjọ ni àdúrà ńlá. Àwọn àáfà á jókòó, àwọn èèyàn á kún àgbàlá, ọmọ tó ṣáájú nínú àwọn ọmọ olóògbé á sì jókòó sórí ẹní níwájú, kí gbogbo ẹni tó bá wá lè mọ ẹni tí wọ́n máa kí. Bàbá Bàdírù, àbúrò Baba, ló di olórí ẹbí, ó sì ti sọ ọ́ pé Fatawu ló ni ẹní.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, a ń jẹ waakye, ìrẹsì ẹlẹ́wà, lọ́wọ́ nígbà tí fóònù Fatawu dún. Ọkùnrin tó ń bá a wá ẹgbẹ́ ní Amẹ́ríkà ni. Láìnbákà ẹgbẹ́ kan ti fi orúnkún ṣèṣe. Wọ́n fẹ́ wo èèyàn méjì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n mú ẹnì kan, kì í sì í ṣe fún ìdánrawò o, fún pápá gan-an ni. Ọjọ́ Ajé yẹn náà ni ọjọ́ kẹjọ Baba. Tó bá máa lọ, àfi kó wọ bààlú ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Fatawu gbé àwo waakye sílẹ̀. Ó ní, “Mi ò lọ.”

Mo ní, “Ṣé orí ẹ pé?”

“Chale, Àǹtí Zuwe, baba mi ló kú.” Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. “Gbogbo ìgbà tí ẹgbẹ́ kan bá pè mí, torí pé ẹnì kan ṣèṣe ni. Mo máa ń ní kafra, ẹ pẹ̀lẹ́, fún ẹni náà nínú ọkàn mi, síbẹ̀ mo ti di báàgì mi sílẹ̀. Báyìí, èmi ni ibi kàn. Kí ẹlòmíì náà rí tiẹ̀ jẹ.”

“Ṣé wọ́n á tún pè ẹ́?”

“Mo ti ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún. Wọn ò ní pè mí mọ́.”

Mi ò lè jókòó. Mo lọ bá Bàbá Bàdírù lábẹ́ igi máńgòrò, mo kúnlẹ̀, mo ro ẹjọ́ náà fún un. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

“Ẹni ọmọ sin ló bímọ,” ló wí. “Ẹ̀gbọ́n mi bí ọkùnrin, kí ọkùnrin náà wá fi ẹní sílẹ̀ torí bọ́ọ̀lù? Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wa, ń bọ̀ láti Kumasi. Kí ni kí n sọ fún wọn?”

Ohùn rẹ̀ ti ròkè. Ìyá wa gbọ́ ọ láti inú yàrá. Inú takaba ló wà, ìjókòó opó. Kò gbọdọ̀ jáde síta fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ló ti sọ̀rọ̀.

“Bàbá Bàdírù, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni. Ta ni mo kọ́kọ́ bí fún ẹ̀gbọ́n yín?”

Bàbá Bàdírù wò mí, ó wo ilẹ̀. “Zuweira ni.”

“Ṣé ẹ wà níbi ìsọmọlórúkọ rẹ̀?”

“Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo di àgbò mú.”

“Ẹ ṣeun. Ẹní ti ní olúwa rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí Fatawu máa lọ.”

“Obìnrin? Níwájú àwọn àáfà?”

“Á bo orí rẹ̀,” ni ìyá mi wí.

Bàbá Bàdírù bínú dìde, ó gba mọ́ṣáláṣí lọ. Ọ̀rọ̀ ìyá wa ni Fatawu tẹ̀ lé. Nígbà tí Fatawu lọ dọ̀bálẹ̀ fún un lọ́jọ́ kejì pé òun ń lọ, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ìyá wa ò lè sìn ín dé ẹnu géètì, inú yàrá ló ti súre fún un. Èmi ni mo bá a wọ táksí lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ó ní, “Tí wọn ò bá mú mi ńkọ́?” Mo ní tí wọn ò bá mú un, ayé ò parí, kó sáà sáré bí ọmọ Àlàmú. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, àmọ́ mi ò jẹ́ kó mọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, mo jókòó sórí ẹní. Àwọn kan á dé iwájú mi, wọ́n á dúró, wọ́n á máa wò kiri bí ẹni tó ṣi ilé yà. Obìnrin kan láti Kumasi bi mí pé, “Ọmọkùnrin yín dà?” Mo ní èmi ni kó kí. Ó kí mi. Bàbá Bàdírù jókòó lókèèrè, ó fi ẹ̀gbẹ́ kọ mí. Ìdí ń ro mí, ojú gbogbo ayé wà lára mi, mi ò sì rí àyè sunkún baba tó bí mi. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ yẹn, òun ló ń ní kí àwọn ẹlòmíràn má sunkún mọ́.

Wọ́n ti ṣe àdúrà parí, wọ́n ti ń pín ìrẹsì, àwọn kan tilẹ̀ ti ń mú tiwọn lọ sẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí fóònù gbọ̀n lábẹ́ ìborùn mi. Èèwọ̀ ni o, kò sí ẹni tó ń gbé fóònù lórí ẹní yẹn. Mo gbé e.

“Àǹtí Zuwe, wọn ò mú mi.”

Mo fi ìborùn bo fóònù náà mọ́ etí.

“Ọmọ kékeré kan ni wọ́n mú. Mo sáré, Àǹtí. Mi ò sáré bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ọ̀gá wọn náà sọ ọ́. Mi ò sí lọ́dọ̀ Baba. Mi ò sì rí nǹkan kan níbí.” Ó wá bú sẹ́kún, ọkùnrin gìrìwò yẹn, ó ń pe Baba, Baba.

Òjìji kan bò mí. Bàbá Bàdírù ti dé ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ní, “Fatawu ni?” Ó na ọwọ́. Mo múra ìjà sílẹ̀; tó bá bú ọmọ yẹn pẹ́nrẹ́n, èmi àti òun la jọ máa tú àdúrà náà ká. Mo fún un ní fóònù.

“Fatawu. Ṣé wọ́n mú ẹ?”

Ó tẹ́tí. Ẹkún náà ń jáde látinú fóònù débi pé àwọn àáfà ń gbọ́ ọ. Bàbá Bàdírù dá fóònù padà fún mi, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó pàtẹ́wọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Ẹ padà wá jókòó. Ó ku àdúrà kan.”

Àáfà àgbà ní, “Ti ta ni, Bàbá Bàdírù?”

“Ti ọmọ wa ni. Fatawu. Ó lọ wáṣẹ́, kò rí i.” Ohùn rẹ̀ já. “Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run fún un.”

Wọ́n gbé ìrẹsì wọn sílẹ̀, wọ́n padà jókòó, gbogbo wọn, tó fi mọ́ obìnrin ará Kumasi. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí kò mọ bí ó ti rí kí èèyàn wáṣẹ́ kó má rí i. Àáfà bẹ̀rẹ̀, ó pe orúkọ Fatawu, orúkọ Baba tẹ̀ lé e, àgbàlá sì gbé àmín náà pẹ̀lú agbára ju èyí tí wọ́n ṣe fún òkú lọ. Mo ń gbọ́ ti ìyá mi láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó ń ṣáájú gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni omi ojú mi ti já wálẹ̀. Mo gbé fóònù sókè kí àbúrò mi lè gbọ́ wọn.