Òróró Lórí Dísìkì

Mo sọ fún Alàgbà Akínpẹ̀lú pé n kò gbà. Ojú gbogbo ìgbìmọ̀ ni mo ti sọ ọ́, orí ìkúnlẹ̀ ni mo sì wà tí mo fi sọ ọ́, nítorí pé nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, èèyàn a máa kúnlẹ̀ kọ ohun tí kò bá tọ́.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé ìjọ wa ní Ọ̀yọ́ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ ìjọ láti òkè òkun ló fi ta wá lọ́rẹ ní ọdún 1987, èmi ni wọ́n sì rán lọ sí Ìbàdàn láti kọ́ bí a ti ń lò ó. Inú rẹ̀ ni mo kó orin àwọn ìyá ìjọ sí. Kì í ṣe orin inú ìwé. Àwọn ìyá wa tí kò mọ̀wé ló dá wọn sílẹ̀ fúnra wọn, lóko, nídìí ikòkò aró, níbi tí ọmọ ti ń ṣàìsàn lóru. Ìyá Àkànkẹ́, olórí ẹgbẹ́ aládùúrà, ló mọ̀ wọ́n jù. Á rìn láti ilé rẹ̀ lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán wá sí ilé ìtẹ̀wé, á jókòó tì mí, á máa kọrin, èmi á sì máa tẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn nínú àwọn ìyá náà wá kọ tiwọn kí wọ́n tó sùn nínú Olúwa. Kò sí ibòmíràn tí orin wọn wà mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná lọ lójijì níbi tí mo ti ń tẹ̀wé. Nígbà tó dé padà, kọ̀ǹpútà kò jí. Ọ̀rọ̀ funfun díẹ̀ ló hàn lójú rẹ̀, pé òun kò rí ohun tí òun yóò fi dìde. Dísìkì tó yẹ kó bá a wá láti òkè òkun, tí à bá fi tún un ṣe, kò dé Ọ̀yọ́ rí.

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀, Alàgbà Akínpẹ̀lú, alága wa, ní, "Olúwa ló fún wa, Olúwa náà ló gbà á. Ọ̀gbẹ́ni kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní Sátidé. Yóò fọ inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, orin àti ohun gbogbo tó wà níbẹ̀, a ó sì máa fi tẹ lẹ́tà ìkórè."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Olúwa kọ́ ló gbà á. Iná ló lọ."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Alàgbà kò rẹ́rìn-ín.

"Àyọ̀kẹ́, ta ni yóò ra ìwé orin Ìyá Àkànkẹ́?"

"A ò tíì tẹ̀ ẹ́ jáde, sà, ẹ ti mọ̀ pé wọn ò ní rà á."

"Sátidé," ló wí, ó sì mú fìlà rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ mọ́tò ní Òwódé, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Mùnírù ni mo ń wá lọ. Àwa méjèèjì la jọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn, lórí àga kan náà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Takie, níbi tó ti ń tẹ ìbéèrè ìdánwò fún àwọn iléèwé, ẹ̀rọ tirẹ̀ àti tiwa sì dà bí ìbejì.

"Àyọ̀kẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́! Ẹ ti ba ẹ̀rọ òyìnbó jẹ́?"

"Iná Ọ̀yọ́ ló bà á jẹ́. Tiyín ńkọ́?"

"Tiwa kì í dé débi tí yóò lọ."

Nígbà tí mo rò ó fún un, ó mi orí. "Ó dákú ni, kò kú. Orin rẹ wà nínú rẹ̀. Ohun tó máa ń jí i láràárọ̀ ló bàjẹ́. A ó fi irú rẹ̀ sórí dísìkì kan. Kí o tó tanná sí ẹ̀rọ yín, kí o ti dísìkì náà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á gba ibẹ̀ jí."

Ó ki dísìkì tuntun bọ inú ẹ̀rọ rẹ̀, ó tẹ àṣẹ kan, ẹ̀rọ sì ń kùn. Ó ní kì í ṣe kí èèyàn kàn da fáìlì sí i, nítorí àwọn kan wà níbẹ̀ tí ojú kì í rí, àṣẹ yẹn nìkan ló sì ń gbé wọn. Lẹ́yìn náà ó pa ẹ̀rọ tirẹ̀, ó fi dísìkì náà jí i níwájú mi. Mo fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run láàárín ṣọ́ọ̀bù. Mùnírù ní, "Àmín. Máa lọ, kí ilẹ̀ má ṣú."

Ilé Ìyá Àkànkẹ́ ni mo gbà lọ kí n tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé, nítorí orin rẹ̀ ni. Kò sì sí ohun tuntun tí ń wọ ilé Ìyá tí kì í gba òróró. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ọmọ rẹ̀ gbà á. Ẹ̀rọ ìránṣọ gbà á. Ó mú dísìkì lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, mo di ojú, mo ń ṣe àmín kíkankíkan. Nígbà tí mo lajú, dísìkì ń dán yinrin. Òróró ti wọ ojú fèrèsé kékeré tí awo dúdú inú rẹ̀ ti ń yọjú.

"Ìyá!"

"Kí ló dé? Mo ta á sí i lára dáadáa ni, tẹ̀yìn-tiwájú."

Mo nù ún títí. Nígbà tí mo ki dísìkì náà bọ ẹ̀rọ ní ilé ìtẹ̀wé, ó ń ké bí ẹni ń rin gbágùúdá, ọ̀rọ̀ funfun ọjọ́sí ló sì tún yọ.

Ìròyìn ti ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ Alàgbà. Ní òwúrọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé. "Mo gbọ́ pé ẹ ti ya kọ̀ǹpútà sí mímọ́. Ó yá, máa palẹ̀ mọ́."

"Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń lọ, sà."

"Lẹ́ẹ̀kan sí i?"

"Opó tó ń lọ sílé adájọ́ kò ka iye ìgbà, sà."

"Èmi wá ni adájọ́ aláìṣòótọ́?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀, sà." Mo gbé báàgì mi, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Mùnírù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Má dá ìyá yẹn lẹ́bi o. Ìyá tèmi ì bá ti da hàntú, omi tí wọ́n fi fọ wàláà, sí i." Ó ṣe dísìkì mìíràn, ó lẹ bébà sí etí rẹ̀ kí ohunkóhun má lè kọ nǹkan bò ó. Ó tún fún mi ní òfìfo kan. "Bí ó bá ti jí, sórí èyí ni kí o da orin rẹ. Kí o sì fi òwú àti sípíríìtì nu ẹnu ẹ̀rọ yín, ó ti jẹ òróró."

Nígbà tí mo padà dé Ọ̀yọ́, Ìyá Àkànkẹ́ kò tíì jẹun láti àná. "Ṣé èmi ni mo pa orin wa, Àyọ̀kẹ́?"

"Ẹ ò pa á, Ìyá. Òróró yín dà? Orí mi ni kí ẹ dà á sí. Èmi ni mo nílò rẹ̀."

Ó dà á. Kò ṣahun rárá.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, a tètè dé ilé ìtẹ̀wé. Ìyá gbé àpótí rẹ̀ sí àárín ẹnu ọ̀nà, ó jókòó. Mo nu ẹnu ẹ̀rọ, mo ki dísìkì bọ̀ ọ́, mo tanná. Ó kùn, ó dákẹ́, ó tún kùn. Lẹ́tà kan yọ ní igun òkè, ó ń ṣẹ́jú, ó ń dúró dè mí. Mo ní kó gbé mi wọ inú ilé lọ́hùn-ún, ibi tí mo kó orin sí. Orúkọ àwọn ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lójú rẹ̀.

"Ṣé wọ́n wà níbẹ̀?" Ìyá kò wẹ̀yìn.

"Gbogbo wọn, Ìyá."

Mo da orin sórí dísìkì òfìfo, mo fi í sáàárín ìwé orin mi. Mo ní kí ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n, bébà sì ti ń jáde nígbà tí Alàgbà àti ọ̀gbẹ́ni Ìbàdàn dé.

Ọ̀gbẹ́ni náà na ọrùn wo inú ilé. "Baba, ẹ̀rọ yìí ti jí. Kí ni kí n wá fọ̀?"

"Fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i. Ìyá, ẹ dìde."

"Eegun mi ti gan, Akínpẹ̀lú," ni Ìyá wí. "Bí o bá lè fò, fò mí."

Alàgbà nawọ́ sí mi láti òkè orí Ìyá. "Àyọ̀kẹ́, gbé dísìkì tí o fi jí i yẹn wá."

Òróró tí Ìyá dà ṣì ń ṣàn bọ̀ ní iwájú orí mi. N kò nù ún.

"N kò ní gbé e wá, sà. Ẹ lè fọ ẹ̀rọ bó ti wù yín. Àwọn orin ti jáde nílé."

Alàgbà ń sọ̀rọ̀ lọ. Ìyá sì gbé orin sókè, èyí tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ gan-an: *Ẹni tó là mí lọ́nà kò ní kí n padà.* Ẹ̀rọ yẹn kò lè tẹ àmì ohùn. Mo ya ewé náà, mo fa bírò yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí i bí Ìyá ti ń kọ ọ́.