Orúkọ Tí Wọ́n Pè Ní Mówè

"Ẹni tó bá tún áàpù yìí ṣe, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, orúkọ rẹ̀ ni n ó pè níwájú gbogbo ayé lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀." Olóyè Lásúnkànmí, tó ni ilé iṣẹ́ wa ní Mówè, ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé Bíbélì tó wà lórí tábìlì rẹ̀.

Mo gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo pe bàbá mi ní Ìfọ̀ pé kí wọ́n máa múra. Láti ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì ni Àlàájì Mùtíù, aládùúgbò wọn, ti ń bi wọ́n léèrè ohun tí ọmọ wọn ń fi kọ̀ǹpútà ṣe.

Ọwọ́ ẹni tó bá ń gbá géèmù kì í ráyè tẹ fóònù. Ẹnu ni yóò fi béèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ ààfin wà, tàbí ohun ìjà tó ń pa òmìrán onírin, áàpù wa yóò sì dá a lóhùn ní Yorùbá. Ohùn Màmá Adéyẹ́misí, ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Olóyè, ni a gbà sílẹ̀ fún un. Nínú ọ́fíìsì, kò sí ìbéèrè tí a bi í tí kò dáhùn. Nígbà tí a gbé e dé ilé géèmù kan ní Ìbàfò, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń sọ fún gbogbo ènìyàn: "N kò gbọ́ ìbéèrè yín."

Gbémiga, ọmọ ẹ̀gbọ́n Olóyè, tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá wa, kò yẹ ohunkóhun wò kó tó dájọ́. "Ariwo ọ̀nà márosẹ̀ ni. Àti pé àwọn ará Ìbàfò yẹn, ṣé wọ́n tilẹ̀ mọ nǹkan lò ni?"

Mo kọ́ ẹ̀rọ náà láti máa yọ ariwo kúrò nínú ohùn. Kò yí padà. Mo pààrọ̀ fóònù. Kò yí padà. Nígbà náà ni mo wọkọ̀ lọ sí Ìbàfò, mo jókòó sẹ́yìn àwọn oníbàárà, mo sì ń wo bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ròkíátù, aránṣọ kan tó máa ń wá gbá géèmù lẹ́yìn iṣẹ́, di pádì tí wọ́n fi ń gbá géèmù mú. Ó tẹrí ba fún fóònù. "Ẹ káàsán mà. Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ má bínú mà, ohun kan ni mo fẹ́ bi yín o..."

"N kò gbọ́ ìbéèrè yín."

"Ìyá yìí mà le o!" Mùsáfírù, tó ni ilé géèmù, ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Bóyá o ò kúnlẹ̀ dáadáa ni."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo bi Ròkíátù léèrè ìdí tí kò fi béèrè tààrà. Ó wò mí bí ẹni tí a kò kọ́ nílé.

"Àǹtí, ẹ gbọ́ ohùn wọn ná. Ṣé kí n kàn dédé pàṣẹ fún àgbàlagbà pé kọ́kọ́rọ́ dà?"

Ojú tì mí. Ilé Yorùbá ni wọ́n ti tọ́ gbogbo àwa tí a ṣe áàpù náà, síbẹ̀ a gbé ohùn ìyá àgbà sínú ẹ̀rọ tí etí rẹ̀ ń pa dé kí ìkíni tó parí. Nínú ọ́fíìsì, àṣẹ lásán ni a ń pa fún un, a sì ń pe èyí ní àyẹ̀wò.

Mo tún un ṣe. Ó di pé yóò jẹ́ kí wọ́n kí òun tán, yóò dáhùn pé, "Ẹ káàsán o, ẹ kú eré," yóò sì dúró de ìbéèrè. Nígbà tó sọ fún Ròkíátù pé abẹ́ ìtẹ́ ọba ni kọ́kọ́rọ́ wà, ńṣe ni ọmọbìnrin náà fò sókè.

"Àǹtí, kí lorúkọ yín gan-an?"

"Wọn yóò pè é lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀ ní Mówè," ni mo fi dá a lóhùn.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Olóyè níṣojú Gbémiga. Olóyè mi orí. "Monísọ́lá, o káre."

Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, bàbá mi wọ agbádá búlúù tí wọ́n wọ̀ wá síbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde mi. Wọ́n mú Àlàájì Mùtíù lọ́wọ́ wá, àwọn méjèèjì sì jókòó níwájú. Olóyè gba gbohùngbohùn. "Ọmọ kan wà láàárín wa tó ṣàkíyèsí pé a kì í bi àgbà ní nǹkan láìkọ́kọ́ kí i!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Bàbá mi ká agbádá wọn sí èjìká, wọ́n sì ti ń dìde nígbà tí Olóyè wí pé, "Gbémiga, máa bọ̀!"

Bàbá mi kò tètè jókòó. Wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Àlàájì Mùtíù wò wọ́n, lẹ́yìn náà ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàbá mi fa àga wọn sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni pé torí àga náà ni wọ́n ṣe dìde, wọ́n sì jókòó.

Lẹ́yìn ètò, Olóyè ń kọjá lọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Mo mọ èyí tí yóò ṣáájú, mo sì mọ èyí tí yóò kẹ́yìn. Orúnkún mi kanlẹ̀ kí ẹnu mi tó là. "Ẹ kú ètò sà. Ẹ kú ìnáwó sà. Ẹ má bínú sà, ohun kan ni mo fẹ́..."

Ó fọwọ́ kàn mí lórí. Ó ti kọjá.

Bàbá mi rí i. "Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ tutù." Wọ́n fà mí dìde, a sì jọ rìn lọ sí ibùdókọ̀.

Olóyè Lásúnkànmí ṣèlérí pé orúkọ ẹni tó bá tún áàpù náà ṣe ni òun yóò pè. Èmi ni mo tún un ṣe. Orúkọ Gbémiga ni ó pè.