Ìka Mélòó

Òrùka náà kọ̀, kò jáde. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ físà ti na abọ́ ike sí obìnrin aránṣọ kan, ó ní kó kó gbogbo irin ara rẹ̀ síbẹ̀: kọ́kọ́rọ́ ilé, ẹ̀gbà ọrùn, yẹtí. Aránṣọ náà kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó wá ku òrùka ìgbéyàwó. Ó fi itọ́ pa ìka, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀, bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò tó ti dípẹtà. Ọdún mẹ́sàn-án ni òrùka náà ti wà níbẹ̀. Ìka ti sanra yí i ká. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ti ń pòṣé. Nígbà tó pẹ́, ẹ̀ṣọ́ náà juwọ́ sí i pé kó máa kọjá. Bó ti ń kọjá ni ẹ̀rọ ké lé e lórí, bí ẹni tó gbé nǹkan onínǹkan.

Nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádọ́ta ni wọ́n fún un. Ó jókòó sórí àga irin tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, ó gbé fáìlì rẹ̀ lé itan. Gbogbo ìgbéyàwó rẹ̀ ló wà nínú fáìlì yẹn: ìwé kóòtù, àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó san owó tẹ̀ jáde, àti fọ́tò tí òun fúnra rẹ̀ tò láti ọdún kìn-ín-ní dé ọdún kẹsàn-án.

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀ kó tó lọ. Oṣù mẹ́rin péré ni wọ́n jọ gbé lẹ́yìn ìgbéyàwó tí ọ̀nà fi là fún un láti rìnrìn àjò lọ sókè òkun. Ọdún méjì ló dá. Méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́fà. Nígbà tí kò ní ìwé, ìwé ló ń wá. Nígbà tó rí ìwé, wọ́n ní iṣẹ́ tó ń ṣe kò tíì tó èyí tí èèyàn fi ń mú ìyàwó wọ̀lú. Ọdún yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé ó tó. Obìnrin náà sì ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì. Àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ti ní ọmọ tó ń lọ ilé-ìwé. Òun ni wọ́n máa ń gbé aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ náà wá fún. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá méjì kan, kì í sọ nǹkan kan sí i. Ṣùgbọ́n bí ọmọ aládùúgbò bá sunkún, obìnrin àgbà náà a dá ọwọ́ dúró lórí ohun tó bá ń ṣe, a máa gbọ́ ẹkún náà bí ẹni ń gbọ́ orin.

Wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀.

Yàrá tó wọ̀ kò ju ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, ó sì tutù bí inú fíríìjì. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ súwẹ́tà ló jókòó sẹ́yìn tábìlì. Òun ni ọ̀gá tó máa pinnu. Ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ni ògbufọ̀. Ojú tí aránṣọ fi wo ọkùnrin náà, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí: ẹni tó rán an ti tẹ̀ ẹ́ wọ́. Ìyẹn fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ wọ́ kò lè burú jù.

Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀, ó sì ń dáhùn. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe mọ ọkọ rẹ̀. Ó ní òun gbé tábìlì máṣíìnì òun lọ tún ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ló mì, ìṣó kan ṣoṣo ló sì fẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni káfíńtà náà fi ń tún un ṣe. Ojoojúmọ́ ni òun ń lọ bèèrè, ojoojúmọ́ ló ń sọ pé igi náà kò tíì gbẹ. Nígbà tí ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n bi í ní orúkọ àwọn tó wà níbi ìgbéyàwó. Ó kà wọ́n. Wọ́n bi í pé iṣẹ́ wo ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe lọ́hùn-ún. Ó ní ilé ìkẹ́rùsí kan ló wà, ẹrù ló ń kà.

"Kó tó débẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní ibẹ̀ náà ló ti wà látìgbà tó ti dé òkè òkun.

Ọ̀dọ́bìnrin náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ṣí ìwé kan, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ògbufọ̀ kò tètè túmọ̀ rẹ̀. Ó wúkọ́ ná.

"Wọ́n ní, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ọkọ yín lo ọjọ́ mọ́kàndínlógún nílé ìwòsàn. Wọ́n ní kí lẹ mọ̀ nípa rẹ̀?"

Aránṣọ gbé ọwọ́ lé fáìlì rẹ̀. Kò gbàgbé ìgbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni fóònù ọkọ rẹ̀ kò fi wọlé. Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá pè, ó ní fóònù òun ló bọ́ sómi. Ta ni yóò gba irú rẹ̀ gbọ́? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó ti gbọ́ ìtàn àwọn ọkọ tó lọ báyìí, tí wọ́n ní ìyàwó méjì, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan nínú fóònù. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ yọ "ẹ̀yin" kúrò lẹ́nu, tó pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ". Ó ní, "Obìnrin tí ẹ jọ ń mu omi yẹn, kó bá ọ sá fóònù náà sóòrùn." Ọkùnrin náà kò bá a jà. Ó ní, "O ṣeun," ó sì pa fóònù. Ẹyin lohùn, kò sí bí a ṣe ń kó o nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dárúkọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn mọ́.

Ó lè purọ́. Ó lè ní ibà ni, tàbí inú rírun. Ó lè bọ́ sí i, ó sì lè má bọ́ sí i. Ó gbójú sókè wo ògbufọ̀, torí ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. Ó gbé ọwọ́ òsì lé etí tábìlì, ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún bo àwọn ìka rẹ̀, ó ń rọra tẹ̀ wọ́n sínú àtẹ́lẹwọ́ títí wọn kò fi hàn mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ kò rí i. Ìwé ló ń kà.

Aránṣọ fa àwọn fọ́tò inú fáìlì sọ́dọ̀. Ó fo àwọn ti ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Ó wo èyí tó tẹ̀lé e: ọkọ rẹ̀ dúró níwájú ilé kan, ọwọ́ òsì wà lápò. Ó wo òmíràn: ọwọ́ òsì wà lẹ́yìn àga. Nínú òmíràn, ó gbá ọ̀rẹ́ kan mọ́ra, ọwọ́ òsì sì wà lẹ́yìn ọ̀rẹ́ náà. Òun ló to àwọn fọ́tò yìí. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó kù kó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ló gé. Ògbufọ̀ ti fi lé e lọ́wọ́ tán. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ìdáhùn.

"Ìka mélòó?"

Ògbufọ̀ kò túmọ̀ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi bi wọ́n. Ìka mélòó ló lọ?"

Ọ̀dọ́bìnrin náà gbójú sókè, ó bèèrè ohun tó sọ. Ògbufọ̀ ti búra níbi iṣẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ lòun yóò máa túmọ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà fi bírò sílẹ̀. Ó wo obìnrin náà lójú. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan péré.

"Mẹ́ta," ni ògbufọ̀ wí.

Obìnrin náà mi orí. Ó sì ń mi orí náà lọ títí bí ọ̀dọ́bìnrin náà ti gbé bírò, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé ọkọ rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ìyàwó òun gbọ́ nípa ìjàǹbá náà lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ìtùnú rẹ̀ lórí fóònù lòun fi la ìrora náà já. Wọ́n ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé ẹran ló ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà náà ni wọ́n ti gbé e lọ síbi tó ti ń ka ẹrù. Wọ́n bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní kò sí.

Kò tó wákàtí kan tí ìwé fi jáde. Ògbufọ̀ ló bá a kà á lẹ́nu fèrèsé. Wọn kò gbà pé tọkọtaya tó ń bá ara wọn gbé ìgbé ayé òótọ́ ni wọ́n. Wọ́n ní ìgbéyàwó náà kò kọjá orí ìwé. Ó lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láàárín ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọkùnrin náà ká ìwé náà, ó fi lé e lọ́wọ́, kò sì tètè lọ.

"Ẹ má bínú sí mi," ló wí. "Mo rò pé mo ń ràn yín lọ́wọ́ ni."

"Ẹ ràn mí lọ́wọ́, sà," ni obìnrin náà dá a lóhùn, ó sì lọ gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ méjì ló wọ̀ kó tó délé. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá a tú òwú kúrò létí aṣọ kan, gíláàsì wà ní ṣóńṣó imú rẹ̀. Obìnrin àgbà náà wo ojú rẹ̀. Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè ráàyè jókòó.

"Màámi," ni aránṣọ wí, "ẹ ti mọ̀ nípa ọwọ́ rẹ̀."

Òwú dúró lọ́wọ́ ìyá náà. Kò bèèrè pé ọwọ́ ta ni.

"Ó mú mi búra, aya mi. Ó ní bí o bá gbọ́, wàá ní kí òun máa bọ̀ nílé. Ó ní káfíńtà tí kò ní ìka, kí lòun fẹ́ wá ṣe nílé?"

Aránṣọ jókòó tì í. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ìyá yìí ti jáwọ́ nínú ẹran jíjẹ. Eyín ló ń dùn ún, ohun tó máa ń wí nìyẹn. Òun a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé eyín tó ń kọ ẹran, tó ń gba egungun ẹja, eyín ọlọ́gbọ́n ni. Ìyá náà a sì rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rin ló fi ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ìrọ̀lẹ́ kò tíì lẹ́ nígbà tí fóònù dún. Àkókò ìsinmi ọkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́ nìyẹn. Ojú ọkùnrin náà kún inú fóònù bí ó ti máa ń kún un, láti iwájú orí dé àgbọ̀n, kò sí àyè fún nǹkan mìíràn.

"Ṣé wọ́n fún ẹ?"

"Wọn ò fún mi." Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. "Ẹ gbé fóònù yẹn ti nǹkan kan. Kí n rí ọwọ́ yín méjèèjì."

Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin náà fi rò pé ìpè ti já. Lẹ́yìn náà ni àwòrán mì, òrùlé kọjá, iná kọjá, ohun gbogbo sì dúró. Ó rí tábìlì kan, àti ọkọ rẹ̀ láti ìbàdí dé orí, ó ti rù ju bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń sọ lọ. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. Àtàǹpàkò wà ní ọwọ́ òsì, ọmọńdinrin náà wà. Àárín wọn tẹ́jú, ó ń dán, bí ibi tí wọ́n ti fá ẹ̀ka kúrò lára igi.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Àwọn ni."

Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò ní ẹ̀rín nínú. "Torí kí wọ́n lè gbà pé tọkọtaya ni wá ni mo fi kọ ọ́ pé o mọ̀."

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nígbà yẹn," ni obìnrin náà wí, "nípa omi..."

"Ó ti tán."

Obìnrin náà ń retí pé kó sọ èyí tó máa ń sọ, "Jẹ́ n tètè máa lọ," torí kò tíì sí ìpè kan tó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láàárín wọn láti ọdún mẹ́rin yìí wá. Ó ti gbà tipẹ́ pé bí ìfẹ́ ṣe ń kú nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń tán. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò lọ. Ó fa búrẹ́dì kan jáde láti abẹ́ tábìlì, ó fi eyín fa ọ̀rá rẹ̀ ya, ó fi àtàǹpàkò àti ọmọńdinrin di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì bù ú. Ó jẹun. Ó mu omi. Ó tẹ̀ ba, ó so okùn bàtà. Ó pẹ́ kó tó so ó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín òkèlè, nípa òtútù, nípa ọ̀gá rẹ̀ kan tó máa ń han-run lórí ìdúró.

Ọwọ́ kan ṣoṣo ló dá, ìyẹn ló sì fi ń gbé fóònù ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé ìyàwó rẹ̀ síwájú ojú, kò lè jẹun, kò lè so bàtà, kò lè ṣe nǹkan kan fún ara rẹ̀ àfi bó bá gbé e sílẹ̀.

Ìwé tí wọ́n fi kọ̀ fún un ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Aránṣọ fa àga sún mọ́ ojú fóònù, ó sì ń wo ọkọ rẹ̀ bó ti ń gbá èérún búrẹ́dì jọ lórí tábìlì, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.