Iye Owó Ìbòòji

Lọ́dún tí owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́ dé, tí owó epo ń ya wọ ìlú, títì tuntun fẹ́ gba ìdí igi ọdán kan kọjá ní Ìgándò. Abẹ́ igi yẹn ni Ìyá Sìdíkátù ti ń dirun. Orí mi wà láàárín orúnkún rẹ̀ lọ́jọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnbọ̀sún ti Yunifásítì gbé ìwé àti bíró dé, tó ní òun ń ṣèwádìí iye tí ìbòòji igi náà tó lójú àwa ará àdúgbò.

"Ìyá, tí ìjọba bá fẹ́ gé e, eélòó lẹ máa gbà?"

"Ẹgbẹ̀rún náírà."

Iṣẹ́ tirẹ̀ ò ju kó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ. Àmọ́ Yorùbá wo ló ń gbọ́ iye ọjà tí kò ní ná an?

"Háà! Ẹ gbà á ní ọgọ́rùn-ún, ẹ jàre."

"Kò gbà, ọkọ mi."

"Igba ńkọ́?"

"Kò gbà."

Ó ná an títí dé ẹgbẹ̀ta, àfi bíi pé ó fẹ́ gbé igi relé. Nígbà tó sú u, ó ṣe bí gbogbo wa ti ń ṣe lọ́jà: ó kẹ́yìn sí wa, ó ń rọra lọ, ó ń retí kí wọ́n pe òun padà. Èmi tí mi ò lè yíjú, etí ni mo fi ń wòran. Ìró bàtà rẹ̀ dúró létí kòtò, ó sì tún ń bọ̀.

"Ìyá, ẹ ò tiẹ̀ pè mí?"

Ọwọ́ ìyá ò kúrò lórí mi.

"Ọmọ mi, ọjà tí mo bá fẹ́ tà ni mo máa ń pe oníbàárà rẹ̀ padà."