Ọwọ́ Òsì Ìyanuolúwa

Ní kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké kan ní Ìpọ̀nrí, wọ́n ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀, bí wọ́n ṣe ń de bọ́tìnnì, bí wọ́n ṣe ń da omi láti inú jọ́ọ̀gì sínú kọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó mọ omi dà tó Ìyanuolúwa. Ọwọ́ òsì ló fi ń dà á, omi kì í kán sílẹ̀. Àǹtí Jemilat, tíṣà wọn, máa ń dúró wò ó.

Jọ́ọ̀gì gíláàsì ni o! Mádáàmù tó ni ilé-ìwé ní ọmọ tí kì í mú ohun tó lè fọ́ ò ní mọ nǹkan tọ́jú. Lọ́jọ́ kan, Jemilat ń fọwọ́ kan tẹ fóònù, ó ń fi ìkejì nu tábìlì, ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ gbá jọ́ọ̀gì, ó fọ́ yángá. Mádáàmù wọlé. "Ta ló fọ́ ọ?" Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kìlọ̀ fóònù fún Jemilat, bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ilé yá.

"Ìyanu ni, Mà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọwọ́ òsì ló ń lò."

Háà, Jemilat! Àgbàlagbà ń purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹnu ẹ̀ ò tiẹ̀ gbọ̀n. Ìyanu tó dúró nítòsí wo ọwọ́ ara ẹ̀, ó wo ojú Àǹtí. Kò sì sẹ́ni tó bi í.

Lọ́jọ́ kejì tí Mádáàmù ti ròyìn fún ìyá ẹ̀, ìyá mú un dé, ó ti fi ìbọ̀sẹ̀ wọ ọmọ lọ́wọ́ òsì, ó fi okùn dì í lọ́rùn ọwọ́.

"Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an tẹ́ ẹ sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì yìí. Màámi ti ń wí i tipẹ́ pé a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Èmi ni mò ń kẹ́ ẹ."

Ẹ ṣeun kẹ̀! Jemilat fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó ń wo Ìyanu bó ṣe ń fọwọ́ ọ̀tún da omi láti inú jọ́ọ̀gì tuntun: ó dà á sórí tábìlì, ó nù ún, ó tún dà á sẹ́sẹ̀ ara ẹ̀. Ó gbé jọ́ọ̀gì padà, ó lọ jókòó.

Nígbà tí ìyá wá mú ọmọ, Jemilat kúnlẹ̀ síwájú ìyá náà àti Mádáàmù. "Èmi ni mo fọ́ ọ. Fóònù ni mò ń tẹ̀. Mo purọ́ mọ́ ọmọ yín."

Mádáàmù ní kó lọ kó ẹrù ẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń tú okùn ọwọ́ ọmọ.

Jemilat kọjú sọ́mọ. "Ìyanu mi, ìwọ kọ́. Àǹtí ló fọ́ ọ."

Ọmọ náà fi ọwọ́ òsì pamọ́ sẹ́yìn. "Rárá, Àǹtí," ó ní, "èmi ni mo fọ́ ọ. Mo rántí."