Ìbéèrè Kẹtàlélógójì

Ọdún méjìlélógún ni Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ fi ń mú àwọn èèyàn lọ wo ilé. Ẹni tó fẹ́ ra ilé, ẹni tó fẹ́ yá ilé gbé, òun ló máa ń dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì, tòun ti ìdì kọ́kọ́rọ́ tó ti fa okùn báàgì rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá ti wọ yàrá, á fi èékánná ha ògiri, á fa afẹ́fẹ́ símú, á ní, "Ọ̀dà yìí ò tíì pé oṣù kan. Ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tí wọ́n fi bò mọ́lẹ̀." Ọ̀gá rẹ̀ ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ àwọn oníbàárà ń padà wá, wọ́n sì ń mú ẹbí wọn wá.

Nígbà tó yá, òfin tuntun dé. Ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni lọ wo ilé mọ́, ìdánwò ni wọ́n sì fi ń gba ìwé àṣẹ náà. Ọ̀gá pè é wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ má wò mí báyẹn. Kì í ṣe èmi ni mo ṣòfin."

"Kí ni wọ́n fẹ́ bi mí nípa ilé tí n ò mọ̀?"

Ọ̀gá gbé ìwé kan lé e lọ́wọ́, ó ki tó búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń mọlé. Ọgọ́rùn-ún ìbéèrè ni wọ́n máa bi í lórí kọ̀ǹpútà, àádọ́rin ló sì gbọ́dọ̀ gbà kó tó yege. Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọbìnrin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, ti ṣe tirẹ̀, ó sì yege lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kò sí ibi kankan nínú ìwé náà tí wọ́n ti béèrè bí èèyàn ṣe ń mọ òrùlé tó ń jò. Ìṣirò ilẹ̀ ló kún inú rẹ̀, àti oríṣi àdéhùn mẹ́rìnlá tí orúkọ wọn jọra bí ọmọ ìyá kan náà. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ á ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá gbójú sókè, bí ẹni da omi sínú ajere ni.

Ẹni tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́ wà nílé. Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pe ọkọ rẹ̀, òun náà ò pè é ní nǹkan mìíràn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Tíṣà fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ṣáájú, níbi tó ti ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kan, àìsàn rọpárọsẹ̀ gbé e ṣánlẹ̀, ó sì gba apá ọ̀tún àti ohùn rẹ̀ lọ. Làákàyè rẹ̀ pé pérépéré. Ẹnu ni kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, tí ìyàwó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á gbé àga Tíṣà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, á jókòó tì í, á máa ka ìbéèrè sókè. Tó bá dáhùn, Tíṣà á fi ọwọ́ òsì kan apá àga. Ẹ̀ẹ̀kan, ó gbà á. Ẹ̀ẹ̀mejì, ó ṣì í.

"Ó ṣe tán, ẹ̀yin náà ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó tún ń dáná fún yín," ló wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdajì ojú Tíṣà sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ẹ̀mejì pọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìṣirò ilẹ̀ ló burú jù. Lọ́jọ́ kan Tíṣà na ọwọ́ òsì sí bírò. Ó fẹ́ fi ọ̀nà rẹ̀ hàn án. Gbogbo ohun tó kọ rí wálawàla bí ìgbà tí adìyẹ bá ta ilẹ̀. Ó tún un kọ. Ó tún un kọ. Ìyàwó rẹ̀ yí ìwé náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń wá nọ́ńbà nínú rẹ̀.

"Méje nìyí àbí ọ̀kan?"

Tíṣà ju bírò mọ́ ògiri. Ẹni tó kọ́ ọmọ aráyé ní ìṣirò, kò lè kọ́ aya rẹ̀ ní ẹyọ kan.

Ìbéèrè kan tún wà tí Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ máa ń fò. Ìkẹtàlélógójì ni. Tọkọtaya kan jọ ra ilé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó bá gbẹ̀yìn ni yóò ni gbogbo rẹ̀. Ọkọ kú, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Ta ló ni ilé?

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìkẹrìnlélógójì."

Tíṣà kan àga lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo mọ ìyẹn."

Ẹ̀ẹ̀mejì.

"Tíṣà, mo ní mo mọ̀ ọ́n."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sán Sátidé kan, bó ṣe fẹ́ ṣí ìwé kọjá ibẹ̀, Tíṣà gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì lé ojú ewé náà, kò sì gbé e kúrò. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ wo ọwọ́, ó wo ojú ẹni tó ni ín.

"Ìyàwó ni," ló wí. "Ìyàwó ló ni ilé. Àwọn ọmọ ò ní ìpín kankan níbẹ̀. Ṣé ẹ ti gbọ́ báyìí?"

Ẹ̀ẹ̀kan ni Tíṣà kan àga. Lẹ́yìn náà ó di ojú rẹ̀, bí olùkọ́ tó ti máàkì ìwé tó kẹ́yìn. Ìyàwó lọ sí ilé ìdáná, ó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kí ariwo rẹ̀ lè bo ẹkún rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò, òun ló dàgbà jù nínú gbọ̀ngàn náà. Aago kan wà ní igun kọ̀ǹpútà tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára aago yẹn. Wọn ò béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ tó kú rárá. Ìṣirò ilẹ̀ mẹ́sàn-án ló jáde. Èsì hàn lójú ẹsẹ̀ tó parí: mẹ́rìndínláàádọ́rin.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ni ọkùnrin tó ń bójú tó gbọ̀ngàn wí. "Ẹ lè tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà."

Nígbà tó délé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi sọ fún Tíṣà. "Máàkì mẹ́rin ló kù."

Tíṣà ń wò ó. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ohùn kan ń jáde, kò dọ́rọ̀.

"Omi ni?"

Ẹ̀ẹ̀mejì.

"Ẹ̀yìn ń dùn yín? Kí n pe àwọn ọmọ?"

Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì.

"Ẹ ní kí n má ṣe é mọ́? Àbí kí n tún un ṣe? Ẹ ń bá mi wí ni?" Ìkẹyìn yìí, Tíṣà kan àga kíkankíkan, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó tó ohun mẹ́wàá tí ìyàwó dárúkọ. Kò sí èyí tó bá a mu. Nígbà tó yá, Tíṣà jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí itan, ó yíjú sí fèrèsé. Ìyàwó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé apá àga. Títí di òní, kò mọ ohun tí ọkọ òun fẹ́ sọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọ̀gá fi í sídìí tẹlifóònù. Kò pẹ́ tí tọkọtaya kan fi wọlé, àwọn òbí obìnrin náà ló ní kí wọ́n wá Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ wá.

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni yóò mú yín lọ," ló wí.

"Ṣé ẹ̀yin ò ní bá wa lọ ni, Màmá?"

"Ẹ máa lọ. Ọmọ dáadáa ni."

Ó tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, ó ń sọ fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ń lọ wò le, kó gbé e sókè díẹ̀ kó tó tì í. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó wọ ọkọ̀. Tẹlifóònù ń dún nínú ọ́fíìsì. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ fi yà lókè ọ̀nà, lẹ́yìn náà ó wọlé lọ gbé tẹlifóònù náà.